Enoch Akínbíyì àti Mọ́tò Tí Kò Pé Rí

Kò sí ará Ìkòsì tí kò gbọ́ nípa ọjọ́ tí olóògbé Enoch Akínbíyì dá àdúrà dúró nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdún mẹ́sàn-án ni ó fi tún ògbólógbòó Pọ́ọ̀ṣì kan ṣe, mọ́tò eré àwọn ará Jámánì, pupa bí ẹyìn, kí ó tó gbé e wá fún ìdúpẹ́. Pásítọ̀ Abíọ́lá gbé ọwọ́ lé iwájú mọ́tò, ó na ìgò òróró sókè.

"Ẹ́ńjìnnì yìí kò ní kú sójú ọ̀nà!"

"Àmín!" ni ìjọ dáhùn.

"Ẹ dúró ná, Pásítọ̀!" Enoch ti sáré dé. "Búùtù lẹ ń gbàdúrà fún o. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì wà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, òróró yẹn kò gbọdọ̀ kan ọ̀dà mi. Ẹ ta á sí táyà."

Keziah, ìyàwó rẹ̀, fi ìborùn bojú. Ni gbogbo ìjọ bá pagbo yí mọ́tò ká bí ẹni pé Jẹ́ríkò ni, wọ́n sì tún àdúrà náà bẹ̀rẹ̀ láti ìdí.

Ṣùgbọ́n ìlérí kan ń bí Keziah nínú ju ìtìjú yẹn lọ. Enoch ti sọ pé bí mọ́tò náà bá ti pé, òun yóò fi gbé Keziah lọ sí Abẹ́òkúta, kí àwọn ẹbí rẹ̀ rí irú ọkọ tí ó fẹ́. Mọ́tò kò sì pé rí lójú Enoch. Bí nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo bá yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ṣe é ní Jámánì, Enoch kò ní sùn.

"Daddy Démiládé, òní ńkọ́?" ni Keziah máa ń bi ọkọ rẹ̀.

"Òjò ti ṣú."

"Òjò wo? Oòrùn ń sun wá níbí!"

"Ó ṣú lápá Ajégúnlẹ̀."

Lọ́dún tí àgbàrá ya wọlé wọn, orí bíríkì ni mọ́tò gúnwà sí, tí fìríjì Keziah ń lúwẹ̀ẹ́. Enoch ní, "Fìríjì kún Ketu. Níbo ni a ti fẹ́ rí irú ilẹ̀kùn mọ́tò yìí?"

Ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé, á tan mọ́tò náà, á dijú, á tẹ́tí sí i. Àwọn aládùúgbò á rọ̀ mọ́ géètì, ẹnikẹ́ni kò ní lè kúrò níbẹ̀.

"Keziah, gbọ́ bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀."

"Èmi náà ti ń sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án. Ta ló dijú gbọ́ tèmi?"

Nígbà tí Enoch kú, ogójì ọjọ́ péré ni Keziah fi mú mọ́tò náà mọ́ra. Ó pe Mutolib, oníṣòwò mọ́tò ní Gbàgádà. "Wá gbé e kúrò lójú mi."

Mutolib yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè délẹ̀, ó sì mi orí. "Ó mà dára o, Mummy. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n bà jẹ́. Ẹ wò ó, wọ́n ti gbé àga ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ yìí sókè, wọ́n tún fi tìmùtìmù sí i lápá òsì. Kì í ṣe bí ó ṣe ti Jámánì wá nìyí. Àfi bíi pé ẹni tí orúnkún ń dùn ni wọ́n ń retí."

Keziah wo orúnkún òsì rẹ̀, èyí tí kì í ká láti ọdún mélòó kan wá. Ó rọra wọ inú mọ́tò, ó jókòó sórí àga náà. Orúnkún náà kò sọ nǹkan kan.

Ó fọwọ́ tẹ tìmùtìmù tí Enoch fi síbẹ̀.

"Mutolib, gbọ́wọ́ kúrò lára ọ̀dà yẹn. N kò tà á mọ́. Ṣé o lè wà á dé Abẹ́òkúta?"

Mutolib gbójú sókè. "Mummy, òjò mà ti ṣú o."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Keziah, omi sì tẹ̀ lé e lójú.

"Ó ti ń ṣú ọjọ́ ti pẹ́," ni ó wí, ó sì pa ilẹ̀kùn náà dé, jẹ́jẹ́, bí Enoch ṣe máa ń pa á dé.