Bí A Ṣe Fi Ẹ́ńjìnnì Sí Ìdí Ọkọ̀ Ìgbòkun Ọkọ Mi

Ọjọ́ tí mo lọ gba ẹ́ńjìnnì náà ní gáréèjì Ìwó Road, inú àpò ìrẹsì méjì ni wọ́n dì í sí, wọ́n sì fi okùn wé e yíká. Dẹ́rẹ́bà tó gbé e wá láti Ẹ̀pẹ́ bi mí bóyá ẹ̀rọ ìlọta ni. Mo ní rárá, ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ni. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó wọ ìró àti bùbá, tó gbé báàgì ìwé kọ́ apá. Ó ní omi wo ló wà ní Ìbàdàn? Mo dá a lóhùn pé Ẹlẹ́yẹlé. Ó kàn mi orí ni, ó sì bá mi gbé e sínú kẹ̀kẹ́ tó gbé mi padà sí Bódìjà.

Ọkọ mi ló ni ọkọ̀ náà. Wọ́n ti rà á kí a tó fẹ́ra, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì. Òyìnbó kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló ń padà sí ìlú rẹ̀, kò sì rí bí yóò ṣe gbé e lọ. Ọkọ̀ kékeré ni, kò gùn ju mọ́tò kan lọ, ó ní òpó kan láàárín àti ìgbòkun méjì tó ti funfun rí. Ní gbogbo Sátidé ni ọkọ mi máa ń so ó mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò wọn, tí wọ́n á wọ́ ọ lọ sí adágún Ẹlẹ́yẹlé, tí wọ́n á sì fi afẹ́fẹ́ wà á títí oòrùn yóò fi rọlẹ̀.

Èmi kò wọ inú rẹ̀ rí. Òkè Ògùn ni wọ́n ti bí mi, níbi tí odò ilé wa máa ń gbẹ kí ọyẹ́ tó parí. Ẹ̀rù omi ń bà mí. Bí mo bá tẹ̀ lé wọn, abẹ́ igi létí omi ni mo máa ń jókòó sí, tí mo ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi. Bí mo bá sì fẹ́ sọ òtítọ́, inú mi kì í dùn sí ọkọ̀ náà. Mo gbà lọ́kàn mi pé ilé ni wọ́n ń sá fún, pé ariwo èmi àti àwọn ọmọ ló ń sú wọn.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n. Ọlọ́run ṣàánú wa, wọ́n tún rìn, ọ̀rọ̀ wọn sì já geere, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì kò padà bọ̀ sípò. Ó lè gbéra díẹ̀, kò lè di nǹkan mú. A fi tapólì bo ọkọ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì omi, àwọn adìyẹ mi sì sọ ibẹ̀ di ibi tí wọ́n ń yé ẹyin sí. Láràárọ̀ ni ọkọ mi máa ń gbé àga wọn lọ síbẹ̀, bí ẹni pé wọ́n kàn fẹ́ yá oòrùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo yọjú láti ilé ìdáná, mo rí wọn tí wọ́n ń fi ọwọ́ ọ̀tún àti eyín ta okùn ìgbòkun ní kókó. Wọ́n ta á, ó tú. Wọ́n tún ta á. N kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo rí wọn. Mo padà sídìí iná, mo sì ṣe ìpinnu mi níbẹ̀.

Mẹkáníìkì kan wà ní Agbowó tó máa ń bá wa tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, inú ọkọ̀ ojú omi ni bàbá rẹ̀ ti tọ́ ọ dàgbà. Òun ló sọ fún mi pé ẹ́ńjìnnì kékeré wà tí wọ́n ń gbé kọ́ ìdí ọkọ̀, tí ẹni tí kò lágbára okùn fi lè wà á lọ síbi tó bá wù ú. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ọkọ mi. Ojú wọn le.

“Afẹ́fẹ́ ni ọkọ̀ yìí mọ̀. Bí ariwo ẹ́ńjìnnì bá ń wù mí, mo lè jókòó sílé kí n máa gbọ́ ti àwọn aládùúgbò.”

Ní ọjọ́ kẹta, mo rí wọn tí wọ́n ń fi téèpù wọn ìdí ọkọ̀ náà. Wọ́n ní kí n sọ fún mẹkáníìkì pé ìdí ọkọ̀ ìgbòkun ga ju ti ọkọ̀ apẹja lọ, kó má lọ ra èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀, irin tó ń wọnú omi, kúrú. Mo jíṣẹ́ náà. Mẹkáníìkì ní kí n fọkàn balẹ̀, òun mọ ọkọ̀ láti kékeré, ó sì ránṣẹ́ sí Ẹ̀pẹ́ kí wọ́n bá wa rà á.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì dé, inú ìlàjì dúrọ́ọ̀mù tí a pọn omi kún ni mẹkáníìkì ti kọ́kọ́ dán an wò ní àgbàlá wa. Ó fa okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò dáhùn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin ó dáhùn, omi sì fò jáde bá mẹkáníìkì, ó bá ògiri, ó bá aṣọ tí mo sá, àwọn adìyẹ fọ́n ká. Aládùúgbò wa yọrí lókè fẹ́ǹsì, ó béèrè pé irú jẹnẹrétọ̀ wo la tún rà. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti jáde ní ọsibítù, n kò tíì gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn.

Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Pákó ìdí ọkọ̀ náà ti jẹrà, ọ̀bẹ wọ inú rẹ̀ bí ẹni gún iṣu sísè. Mo lọ sí ọjà pákó Bódìjà, mo ra ìrókò tó nípọn, káfíńtà sì gé e ní ìwọ̀n èyí tó bàjẹ́. A ra nọ́ọ̀tì àti bóòtì tí kì í dípẹtà ní Dùgbẹ̀, a pààrọ̀ gbogbo okùn, a rán ibi tí ìgbòkun ti ya. Ọkọ mi ń pàṣẹ láti orí àga, wọ́n sì ń bínú bí a bá ṣi iṣẹ́ ṣe. Inú mi dùn sí ìbínú náà.

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ gbé e dé Ẹlẹ́yẹlé, mẹkáníìkì nìkan ló wọ inú rẹ̀. Ó tan ẹ́ńjìnnì, ó pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn apẹja fi yíjú, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò kúrò lójú kan. Ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì kúrú. Abẹ tó yẹ kó máa yí nínú omi, ìlàjì rẹ̀ wà lókè, afẹ́fẹ́ ló ń gé. Ojú tì mí. Mẹkáníìkì bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ síwájú ọkọ mi, ó ní òun kò ka ìkìlọ̀ wọn sí, òun rò pé ọkọ̀ kan ò yàtọ̀ sí òmíràn.

“Dìde,” ni wọ́n wí. “A ó wá nǹkan ṣe sí i.”

Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún ya irin kan sí ẹ̀yìn ìwé tí mo ń máàkì, irin tí yóò gbé ẹ́ńjìnnì kúrò lórí pákó, tí yóò sọ ọ́ kalẹ̀ wọnú omi dáadáa. Wẹ́dà kan ní Ring Road ló jó o. Èyí tó kọ́kọ́ ṣe wọ́, ó tún un ṣe. Ọkọ mi tún ní kí a gbé kẹ́ẹ̀gì epo lọ sí iwájú ọkọ̀, torí pé ìwúwo ẹ́ńjìnnì ń fa ìdí rẹ̀ rì.

A padà lọ ní Sátidé kejì. Mo ti rò pé mẹkáníìkì ni yóò wa ọkọ̀ gbé ọkọ mi, ṣùgbọ́n ó wo bí ọkọ̀ náà ṣe jókòó sínú omi, ó ní ẹni méjì péré ló lè gbé pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, àti pé ara òun ti wúwo jù. Ọkọ mi ti jókòó síwájú. Wọ́n yíjú sí mi.

“Wọlé wá. N kò ní jẹ́ kó dà ọ́ nù.”

Mo wọ ẹ̀wù aláfẹ́fẹ́ tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, mo gbé ẹsẹ̀ kan lé e, ó mì, mo fẹ́ padà. Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún sí mi. Mo dì í mú, mo wọlé, mo jókòó sídìí ẹ́ńjìnnì. Mẹkáníìkì dúró nínú omi, ó fi bí mo ṣe máa fa okùn ẹ́ńjìnnì hàn mí, mo fà á, ẹ́ńjìnnì dáhùn, ó sì tì wá síwájú.

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé bí mo bá ti ọwọ́ ẹ́ńjìnnì tí a fi ń darí ọkọ̀ sí òsì, ọ̀tún ni ọkọ̀ máa lọ. A yí po bí òòyì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwọn apẹja ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe ń bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n má wo ọwọ́ mi, kí n wo igi kan ní òdìkejì kí n sì máa lọ bá a. Mo wo igi. Ọkọ̀ náà tọ́.

Nígbà tí a dé àárín omi, wọ́n ní kí n pa ẹ́ńjìnnì. Mo pa á. Gbogbo nǹkan dákẹ́, n kò gbọ́ nǹkan kan àfi omi tó ń lá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Wọ́n ní kí n fa okùn ìgbòkun kékeré sókè. Mo fà á, àwọn sì fi ọwọ́ ọ̀tún di etí rẹ̀ mú. Afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀, ó wú, ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ díẹ̀, ó sì gbéra láìsí ariwo kankan. Mo wo ojú ọkọ mi. Omi wà níbẹ̀.

“Ohun tí mo ń wá síbí nìyí,” ni wọ́n wí. “N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ.”

Mo jẹ́wọ́ fún wọn níbẹ̀ pé mo ti rò pé àwa ni wọ́n ń sá fún. Ó yà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ní ìyẹn kò sí lọ́kàn wọn rí, pé gbogbo ìgbà tí mo jókòó sábẹ́ igi ni wọ́n ń yẹ etí omi wò bóyá mo ń wò wọ́n. Mo ní ìwé ni mo ń wò. Wọ́n ní àwọn mọ̀.

Nígbà tí afẹ́fẹ́ rọ̀, mo tan ẹ́ńjìnnì, mo sì wà á padà sí èbúté.

Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù la máa ń lọ báyìí. Èmi ni mo ni ẹ́ńjìnnì, àwọn ni wọ́n ni ìgbòkun, kò sí ẹni tó ń dá sí ti ẹnì kejì, tàbí kí n sọ pé a ń gbìyànjú. Àwọn adìyẹ mi ti wá ibòmíràn yé sí. Nígbà tí ó tó àkókò láti kun ọkọ̀ náà, ọkọ mi ní funfun ni yóò jẹ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, èmi ní àwọ̀ ewé ló wù mí. A fa ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ìkẹyìn, funfun la fi kun gbogbo ara rẹ̀, a sì fi àwọ̀ ewé yí etí rẹ̀ ká.