Sátidé Tí A Ò Tẹ̀ Lé Mọ́tò

Ẹ má bínú o, tí ọ̀rọ̀ ìbò bá délẹ̀, mi ò lè sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Inú mi á kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn náà á wá máa hó. Tíṣà ni mí lọ́dún 1983, wọ́n sì fi mí ṣe akọ̀wé ibùdó ìdìbò ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni n'Ídànrè.

Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi, kì í gba òṣùwọ̀n ẹnikẹ́ni gbọ́. Ó ní òkúta kan tó mọ bó ṣe wúwo tó. Tó bá dé sítọ̀ọ̀ kòkó, òun ló máa kọ́kọ́ gbé lé òṣùwọ̀n wọn. Bí òṣùwọ̀n bá purọ́, ariwo sọ nìyẹn! Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti wọn kòkó tán, tí akọ̀wé pe iye rẹ̀ sókè, tí gbogbo èèyàn gbọ́, ó parí. Kódà oníjìbìtì tó burú jù nínú àwọn tó ń ra kòkó kò jẹ́ yí i padà.

Lọ́jọ́ ìbò gómìnà, bàbá mi ti débẹ̀ kí n tó dé. Háà, ẹ ò rí èrò! Àwọn ìyá Aládùúrà wọ aṣọ funfun wá, àwọn Àlájà ti ṣọ́ọ̀bù pa, wọ́n ń pariwo pé kí ìlà yára. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro mí. Nígbà tí a ń ka ìbò, bàbá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń ju hóró kòkó kan sínú agolo fún ìbò kọ̀ọ̀kan. Mo pe iye. Ó ka hóró tirẹ̀, ó fò dìde: "Ó pé! Ó pé pérépéré!" Ẹgbẹ́ tí ìlú fẹ́ ló borí, ijó bẹ̀rẹ̀.

Mọ́tò wá gbé àpótí ìbò àti ìwé èsì tí mo kọ. Aṣojú ẹgbẹ́ náà ní òun fẹ́ tẹ̀ lé e débi tí wọ́n ti máa ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bàbá mi fà á lápá:

"Kí lo fẹ́ tẹ̀ lé? Ṣebí gbogbo wa ti gbọ́ ọ!"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, èmi gan-an ni mo rẹ́rìn-ín jù. Mọ́tò lọ, a jó lọ sílé.

Nígbà tí wọ́n lẹ èsì mọ́ ògiri, wọ́n ti gbé iye tiwa fún ẹni tí a fẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀, wọ́n tún bù sí i! Rédíò ní ẹni yẹn ló wọlé. Ìgboro dàrú, táyà ń jó. Èyí tó dùn mí jù wà nílé. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà:

"Ìwọ lo kọ ìwé yẹn. Èló ni wọ́n fún ọ?"

Èmi! Ọmọ tó bí! Mo búra títí ohùn fi há mi. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, kò ní dáhùn.

Ìbò àwọn aṣòfin ṣì kù. Nígbà tó di ọjọ́ rẹ̀, mo padà sídìí tábìlì mi. Ìlà ò tó èèyàn mẹ́wàá. Ni mo bá rí bàbá mi lẹ́yìn gbogbo wọn.  Ó dé iwájú mi, mo rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, mo na ìwé ìbò sí i. Kò gbà á. Abọ́ iyán ló gbé kalẹ̀.

"Ìyá rẹ ní o ò jẹun kúrò nílé."

"Bàbá, ìbò yín ńkọ́?"

"Mi ò wá dìbò. Mo ti dé abúlé Atosin, mo ti béèrè káàkiri. Kò síbi tí wọn ò ti yí i. Kì í ṣe ìwọ. Má bínú, ọmọ mi."

Ó gba ọ̀nà oko lọ. Inú mi dùn débi pé mo sunkún sínú ọbẹ̀. Mo jẹun tán, mo fọwọ́, mo tún ṣí ìwé náà. Nígbà tí mo dé orí orúkọ tèmi, mo fò ó, èmi náà ò dìbò.