Ọjọ́ Tí Yèyé Mi Bọ́ Aṣọ Lára Píánò

Pàá! Yèyé mi, ìyá tó bí ìyá mi, pàtẹ́wọ́ ẹyọ kan ní iwájú pẹpẹ, ó sì dẹtí. Ó rìn dé àárín ṣọ́ọ̀ṣì, ó tún pa á. Ìró náà gbéra lọ sí òrùlé páànù, ó padà wá bá wa. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ píánò tó pàtẹ́wọ́, ìró náà kú, bí ẹni pé ó bọ́ sínú àpò òwú.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ó ní. "Ibí ni olè wà."

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Ọjọ́ kejì ni ìkórè, èmi ni màá sì lu píánò. Ẹ̀rù ń bà mí, ojú sì ń tì mí pé ẹ̀rù ń bà mí. Méjèèjì ò jẹ́ kí n lè jẹ iyán. Ọmọ ìlú wa kan tó wà lókè òkun ló fi píánò ńlá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà ta ìjọ wa ní Ìjerò lọ́rẹ, ṣùgbọ́n àwọn tó ń jókòó lẹ́yìn kò gbọ́ ọ rí. Alága ìgbìmọ̀ ti sọ pé bí ẹ̀yìn ò bá gbọ́ lọ́jọ́ ìkórè yìí, wọn á gbé e jáde, wọn á ra kíbọ́ọ̀dù oníná.

Àpọ́nlé la fi ń pa á. Àwọn ìyá ìjọ fi aṣọ àrán pupa bò ó délẹ̀ bí ìyàwó, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀, wọ́n to ìkòkò òdòdó sórí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í ṣí ìdérí, kí eruku má baà wọ ohun Ọlọ́run. Yèyé mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán àrán náà.

Ó ń ká a lọ́wọ́ nígbà tí olórí àwọn ìyá wọlé pẹ̀lú ìgbálẹ̀.

"Yèyé! Ẹ ń bọ́ ohun Olúwa sí ìhòòhò nínú ulé Olúwa?"

"Èmi ni mo rán an, èmi náà ni mo ń bọ́ ọ. Ìwọ, ṣé o máa ń fi gèlè di ẹnu kí o tó kọrin ni?"

Ìyá náà fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. Òun náà ló bá wa fa kápẹ́ẹ̀tì. Nígbà náà la rí i pé ògiri ni ìhà tí ìdérí ń là sí kọjú sí. A tì í, a yí i, táyà kéékèèké rẹ̀ ń ké lórí símẹ́ńtì, títí ó fi kọjú sí ìjọ. Yèyé mi gbé ìdérí sókè, ó fi ọ̀pá tó wà nínú píánò gbé e dúró. Òórùn igi gbígbẹ àti irin jáde. Ó lọ jókòó sí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn.

"Lù ú."

Mo lù ú.

"Kì í ṣe iyán lò ń gún! Rọra. Ó ń dé ọ̀dọ̀ mi."

Lọ́jọ́ kejì, alága mọ̀ọ́mọ̀ jókòó sẹ́yìn pátápátá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lu orin ìkórè. Mi ò tí ì lu orin náà dé ìdajì tí ó fi dìde, tó gbé fìlà sókè: "A gbọ́ o! Ẹ̀yìn gbọ́!" Àwọn ọlọ́kadà tó wà lójú títì pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n ń yọjú lójú fèrèsé. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Mo sunkún, kì í ṣe ìbànújẹ́, mi ò tiẹ̀ mọ orúkọ tí mo lè pè é.

Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá, Yèyé mi ti lọ sinmi lọ́dọ̀ Olúwa. Mo ti sinrú ìlú tán gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀, mo ń wá iṣẹ́, mo sì ṣì ń bẹ̀rù. Mo máa ń fi "ẹ jọ̀ọ́" àti "ẹ má bínú" bo ọ̀rọ̀ mi délẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí n tó wọlé fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo pàtẹ́wọ́ ẹyọ kan. Mo ká àrán náà kúrò lára ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀, ẹni tó jókòó jìnnà jù lọ ló kọ́kọ́ mi orí pé òun gbọ́ mi.