Pọ́ìntì Tí Ìyàwó Mi Gbà Fún Mi

Mo rántí ìgbà tí mi ò lè jókòó jẹun tán láìdìde. Bí mo bá bu òkèlè kan, màá dìde lọ wo mọ́tò. Bí mo bá bu ìkejì, màá tún yọjú wo títì, àfi bí ẹni pé títì náà fẹ́ fi mí sílẹ̀ lọ. Agbówà là ń gbé nígbà náà, mo sì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ilé iṣẹ́ kan tó ń kó ìrẹsì láti Ìmọ̀tà lọ sí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Ìjì ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń pè mí, mo sì rò pé oríyìn ni. Àwọn àgbà ní èèyàn kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún; bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Èmi ò lé nǹkan kan, nǹkan kan ò sì lé mi. Mo kàn ń sáré ni.

Ohun tí mi ò fọkàn sí rárá ni ọ̀rọ̀ pọ́ìntì. Ní tèmi, bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bá mú èèyàn, ẹni náà á san owó ìtanràn, ọ̀rọ̀ parí. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní iye pọ́ìntì tirẹ̀, àti pé orúkọ awakọ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, kì í ṣe ọkọ̀. Wọ́n kọ ti eré àsápajúdé sí mi lọ́rùn. Wọ́n kọ ti fóònù tí mo ń tẹ̀ lórí ìrìn. Wọ́n kọ ti bẹ́líìtì tí mo kàn ń fà bo àyà láìdè é. Díẹ̀díẹ̀ ni pọ́ìntì náà ń pọ̀ sí i. Nígbà tó yá, ìwé ìkìlọ̀ dé: bí òmíràn bá tún kún un, wọ́n á gba láísẹ́nsì mi fún oṣù bíi mélòó kan, bí mo bá sì tún ṣe lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á wọ́gi lé e pátápátá. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, “Ọjọ́ tí wọ́n bá gba láísẹ́nsì rẹ, má wulẹ̀ yọjú síbí mọ́.”

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lẹ́yìn náà tí mo gbé mọ́tò kékeré tiwa ní ọ̀sán Sátidé kan, èmi nìkan, mo forí lé Ìkòròdú. Ó kù díẹ̀ kí n dé ibùdókọ̀ Benson ni iná pupa tàn. Ojú ọ̀nà dá. Mo kọjá. Bí ẹ bá bi mí pé kí ni mo ń sáré lọ ṣe, bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ lọ wò. Mo débẹ̀ kí ẹni tó ni ilé ìwòran tó ṣílẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù mi. Kámẹ́rà ti ya nọ́ńbà ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò ya ojú ẹni tó wà á. Wọ́n ní kí n wá sọ ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà lẹ́yìnkùlé, mo kà á ní balùwẹ̀, mo tún lọ kà á nínú mọ́tò. Gbogbo ibi tí mo ti kà á, nǹkan kan náà ló ń sọ.

Ìyàwó mi ti gba láísẹ́nsì tirẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú. Èmi fúnra mi ni mo kọ́ ọ lọ́kọ̀ wíwà, lọ́nà oko, tí mo ń pariwo mọ́ ọn pé ó ń rọra jù. Kò ní ẹyọ pọ́ìntì kan.

“Ìyá Ìbejì,” mo ní, “bá mi sọ pé ìwọ lo wà á.”

Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. “Kí ni mo wà?”

“Mọ́tò, lọ́jọ́ Sátidé. Tìẹ ṣì mọ́, kò sí nǹkan tí wọ́n máa fi ṣe ọ́. Tèmi ló ti kún.”

“Ẹ fẹ́ kí n lọ purọ́ fún wọn.”

“Kì í ṣe irọ́ ńlá.”

Ìgbà yẹn ló tó wò mí. “Bàbá Ìbejì, èwo ni kékeré ẹ̀?”

Ni mo bá mú ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wá. Mo ní bí iṣẹ́ bá bọ́, kí ni wọ́n máa jẹ, ilé ìwé wo ni wọ́n máa lọ. Mo mọ̀ pé kò ní lè bá ìyẹn jiyàn. Ní ọjọ́ kejì, mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, mi ò bá a wọlé. Nígbà tó jáde, ó ní, “Wọ́n ti kọ ọ́ sí mi lọ́rùn.” Kò wá síwájú. Ẹ̀yìn ló lọ jókòó sí bí èrò kábùkábù.

Mo rò pé ara á tù mí. Kàkà bẹ́ẹ̀, ńṣe ni ìwárapàpà mi tún le sí i. Kò pé oṣù méjì tí ilé ìwé kan ní Ìmọ̀tà ń wá obìnrin tí yóò máa wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ. Mi ò mọ̀ pé ọkàn ìyàwó mi ti wà nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ látìgbà tó ti gba láísẹ́nsì. Ó wakọ̀ níwájú ìyá onílé-ìwé náà, obìnrin náà yìn ín, ó ní ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kó lọ gba àkọsílẹ̀ láísẹ́nsì rẹ̀ wá. Ọ̀sán ọjọ́ tó mú un lọ ló padà wálé. Ó tú gèlè rẹ̀, ó ká a, ó gbé e sórí àga.

“Wọ́n ní àwọn ò lè fa ọmọ ọlọ́mọ lé ẹni tí kì í dúró fún iná pupa lọ́wọ́.”

Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn fún mi.

Láti ọjọ́ náà, mi ò wá lè jókòó sójú kan rárá. Tí mo bá gbé ẹrù dé Ẹ̀pẹ́, màá máa rìn yí ọkọ̀ po bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo yà lọ́dọ̀ ìyá mi níbẹ̀, tó máa ń bá àwọn apẹja tún àwọ̀n ṣe. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Ó dá abẹ́rẹ́ dúró, ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń lé ọ?” Ni mo bá sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó kó àwọ̀n kúrò lórí itan.

“Ìyàwó rẹ ló ru ẹrù rẹ, ìwọ ń rìn lọ́wọ́ òfo, ìwọ lara tún ń ni. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun náà ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.”

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo wọ ọ́fíìsì tí mo kọ̀ láti wọ̀ lọ́jọ́sí. Ọ̀gá obìnrin kan tó lè bí mi ló wà nídìí tábìlì. Mo sọ bó ṣe jẹ́. Ó fi bíírò sílẹ̀.

“Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá sọ fún mi pé àwọn kọ́. Ìwọ wá sọ pé ìwọ ni?”

“Èmi ni, mà.”

“Ṣé o mọ ohun tó máa tìdí ẹ̀ yọ?”

“Mo mọ̀ ọ́n, mà.” Irọ́ nìyẹn náà, mi ò mọ̀ ọ́n tán.

Wọ́n ránṣẹ́ pe ìyàwó mi. Obìnrin náà bá àwa méjèèjì wí gan-an, ó ní irọ́ tí a pa fún ìjọba tún burú ju iná pupa lọ. Ó mú ìyàwó mi kọ ìwé àdéhùn pé kò ní dán irú rẹ̀ wò mọ́, ó sì yọ pọ́ìntì náà kúrò lórúkọ rẹ̀, ó kọ ọ́ sí tèmi. Ó gba láísẹ́nsì mi lójú ẹsẹ̀. Ó tún ní kí n lọ jókòó ní kíláàsì pẹ̀lú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀. Èmi Ìjì! Ọmọbìnrin kan tó jókòó tì mí bi mí pé ṣé ọkọ̀ wíwà máa ń bà mí lẹ́rù ni.

Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Mo lọ ń gbé àpò ìrẹsì fún àwọn oníṣòwò ní Ìmọ̀tà, ìyẹn náà la fi ń jẹun. Ìyàwó mi mú àkọsílẹ̀ tuntun lọ sí ilé ìwé náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti gba ẹlòmíràn. Ìyá onílé-ìwé ka ìwé náà, ó béèrè ibi tí ọkọ tó ṣe irú èyí wà. Ìyàwó mi ní mo wà níta. Obìnrin náà dìde wá sójú fèrèsé, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó padà lọ jókòó. Ó tó sáà méjì kí wọ́n tó wá pè é. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Ní gbogbo oṣù tí mi ò ní láísẹ́nsì, òun ló ń wa mọ́tò wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi á jókòó tì í, màá máa fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ mọ́tò ní gbogbo kọ́nà. Lọ́jọ́ kan, ó ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ gbẹ́sẹ̀ yín. Kò sí bíréèkì níbẹ̀ yẹn.” Ìgbà àkọ́kọ́ tó bá mi ṣàwàdà láti ọjọ́ tí mo ti rán an níṣẹ́ irọ́ nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo sì yíjú sójú fèrèsé kó má bàa rí i.

Wọ́n ti dá láísẹ́nsì mi padà tipẹ́, mo sì ti ríṣẹ́ mìíràn. Pọ́ìntì kankan ò sí lórí rẹ̀ mọ́. Ìyàwó mi ò sọ ọ́ rí pé òun dárí jì mí, èmi náà ò sì béèrè. Ṣùgbọ́n ní oṣù tó kọjá, a lọ kí ìyá mi. Ọ̀sán la gbéra ní Ẹ̀pẹ́, èmi ni mo sì ń wakọ̀. Mò ń bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀, kò dáhùn. Nígbà tí mo yíjú, ó ti sùn, orí rẹ̀ ti yẹ̀ sára gíláàsì. Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbé e kiri, kò sùn nínú mọ́tò mi rí. Àṣé gbogbo ìgbà yẹn ló ń bá mi ṣọ́ ọ̀nà. Ọkọ̀ kan ń fọn fèrè lẹ́yìn mi pé kí n sáré. Mo yà fún un, ó kọjá. Mo rọra ń wà á lọ, kí n má bàa jí i.