Ẹja Tí Eṣinṣin Kò Bà Lé

Eṣinṣin kan kì í bà lé ẹja tí mo ń gbé relé nígbà náà, èmi ọlọ́gbọ́n sì ń fi í yangàn. Ọ̀dọ́ akọ̀ròyìn ni mí, mò ń gbé Lásùnwọ̀n ní Ìkòròdú, mo gbé báírò sétí bí ẹni tó dé adé. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ẹja kò ju pé ó lórí, ó sì ní ìrù.

Obìnrin kan wà tó ń ta ẹja yíyan lọ́jà Ìtamágà nítòsí wa. Abúlé etí ọ̀sà lápá Ẹ̀pẹ́ ló ti ń wá, láàárín àwọn apẹja tí bàbá wọn ṣí wá láti etíkun Oǹdó. Ọkọ rẹ̀ ló ń fi àwọ̀n pẹja, òun ló ń fi iná igi yan àrọ̀ àti ẹ̀pìyà. Ẹja náà dúdú, òórùn èéfín ń jáde lára rẹ̀, eṣinṣin sì ń yí i ká bí àwọn tó wá wo ìyàwó ọ̀ṣìngín. Mo bi í pé kí ló dé tí kò lé wọn. Ó rẹ́rìn-ín.

“Akọ̀wé, àwọn náà mọ ohun tó dáa. Ẹ ṣáà fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì sè é jinná.”

Mo ka èyí sí ọ̀rọ̀ òpè. Mo lọ kọ ìròyìn kan tó kún fún “ẹ̀gbin” àti “ọ̀làjú”, mo sì ní kí ará ìlú máa ra ẹja tí eṣinṣin kò bà lé.

Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Tèmi ba ẹni tí kò ṣẹ̀ mí. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ fi dé Ìtamágà, ìwé ìròyìn mi ń bẹ lọ́wọ́ wọn, wọ́n kó àtẹ obìnrin náà dànù. Obìnrin mìíràn, tó ń ta ẹja gbígbẹ inú páálí tí wọ́n ń kó wá láti ọ̀nà jíjìn, ni wọ́n fún láàyè rẹ̀. Ẹja tirẹ̀ ń dán. Mo rà á fún ìyá mi, mo sì ń ṣàlàyé ìmọ́tótó fún un bí ẹni tó ń kọ́ adìẹ ní ẹyin yíyé. Inú run ìyá mi fún ọjọ́ méjì. Ẹ̀wà tó fi jẹ ẹ́ la dá lẹ́bi.

Lóṣù kejì mo padà lọ kọ ìròyìn mìíràn, kí n lè fi yin ara mi. Mo bi obìnrin onípáálí léèrè ọgbọ́n tó ń dá. Kò fi pamọ́. Ó fa ike kan yọ lábẹ́ tábìlì, ó sì fín ohun inú rẹ̀ sórí ẹja lójú mi: fìì, fìì. Òògùn tí mo fi ń pa aáyán nílé ni.

“Màmá, ṣé ẹ̀yin náà ń jẹ ẹja yìí?”

“Kí ni màá jẹ ẹ́ fún? Títà ni mò ń tà á.”

“Ta ló kọ́ yín nírú èyí?”

“Ìwọ náà mà ni, akọ̀wé! Ìwọ lo kọ ọ́ síwèé pé eṣinṣin lẹ̀gbin. Ó yá, wá eṣinṣin kan fún mi níbí.”

Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, ni bàbá mi máa ń wí. Báírò ni mo fi la ọ̀nà náà fún odindi àdúgbò.

Mo wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́, mo sì wọ ọkọ̀ ojú omi dé abúlé obìnrin àkọ́kọ́. Ẹja kún àgbàlá rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń rà á. Mo dọ̀bálẹ̀.

“Dìde, aṣọ ẹ á dọ̀tí,” ló wí. “O ò kúkú fẹ́ràn ìdọ̀tí.” Ó ní ọmọ òun ò tíì padà síléèwé láti ìgbà tí wọ́n ti lé òun lọ́jà, torí kò sówó. “Ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́. Ààyè mi ni mo fẹ́.”

Mo kọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ìròyìn tó tú àtẹ rẹ̀ ká wà lójú ìwé àkọ́kọ́. Àtúnṣe rẹ̀ wà nínú, lábẹ́ ìpolówó bẹ́ẹ̀dì. Àwọn wolé-wolé gba ike òògùn lọ́wọ́ obìnrin onípáálí, wọ́n ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, wọ́n sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Ẹja ọ̀sà ni mò ń jẹ báyìí, ọ̀dọ̀ obìnrin àkọ́kọ́ ni mo sì ti ń rà á, lábúlé rẹ̀. Mo máa ń béèrè ibi tí wọ́n ti pa á àti ohun tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí n ti béèrè kí n tó gbé báírò nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ bẹ ọ̀gá àwọn wolé-wolé pé kí wọ́n dá ààyè obìnrin náà padà fún un. Ó ní wọ́n ti mú ẹja méjèèjì lọ fún àyẹ̀wò. Bí èsì bá dé, ìgbìmọ̀ á jókòó, ìgbìmọ̀ á sì sọ ẹni tó ni ààyè. Títí dìgbà náà, kí kálukú dúró síbi tó wà.

Mo jíṣẹ́ náà fún obìnrin ẹlẹ́ja. Ó ń yí àrọ̀ padà lórí iná, kò wojú mi.

“Sọ fún wọn pé mo gbọ́,” ló wí. “Kí wọ́n kọ́kọ́ bi ẹja bóyá òun á lè dúró.”