Ère Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Fi Okùn Yí Ká

Ẹni tó bá ní obìnrin kò lè gbẹ́ igi, kó wá bá mi. Èmi tí mo kọ́ ara mi níwèé títí àwọn tísà fi ń wá bi mí léèrè ọ̀rọ̀, èmi ni àbúrò obìnrin tó kọ́kọ́ di agbẹ́gilére ní ìlú wa. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, bàbá wa da irinṣẹ́ rẹ̀ sínú kànga. Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀ kalẹ̀ lọ kó o. Àwọn kan ní ọwọ́ ló fi di okùn mú. Irọ́ ni, eyín ni.

Bó bá gbẹ́ ère, kò ní sọ pé ó ti parí. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ló ń gbé e sí, kí gbogbo ẹni tó ń wọlé fi àtẹ́lẹwọ́ ra á. Ó ní ọ̀rá ọwọ́ èèyàn ló ń sọ igi di awọ ara.

Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì kí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba tó pàtẹ àwọn ère náà, tí wọ́n ní kó wá gba oríyìn. Èmi ni mo dì í lọ́wọ́ mú wọlé. Ilẹ̀ ń dán bíi dígí, okùn pupa sì yí ère kọ̀ọ̀kan ká. Ó nawọ́ sí ère ìyá wa tó ń tòògbé.

Ẹ̀ṣọ́ ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, a kì í fọwọ́ kàn án.”

“Ta ló ni ín?”

“Ìjọba ni, mà.”

“Ìjọba ló rọbí rẹ̀? Ọwọ́ ni mo fi ń ríran báyìí. Ṣé okùn ni kí n máa wò?”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ, wọ́n á tì wá mọ́lé.”

“Ìwọ tó ní o ti na ẹkùn rí?”

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gba abẹ́ okùn kọjá, ó gbá ère náà mọ́ra. Ọ̀gá ilé náà sáré dé, ó ní òógùn ọwọ́ ń ba igi jẹ́, àwọn fẹ́ kó pẹ́ láyé.

“Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá mi ti gbẹ. Ẹ tú okùn yìí, àbí kẹ́ ẹ bá mi gbé e lọ sílé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibí ni mo wà.”

Ọ̀gá ní àwọn á jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n máa jókòó, òun náà ti jókòó. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tilẹ̀kùn, èmi náà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nílẹ̀, àwọn tó wá wòran kò sì lọ. Ìyálọ́mọ kan gba orí okùn gbé àtẹ́lẹwọ́ lé èjìká ère. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ẹ̀ṣọ́ wo ọ̀gá, ọ̀gá wo ilẹ̀, ló bá mi orí pé ó dáa. Ẹ̀ṣọ́ tú okùn.

Ẹ̀gbọ́n mi ò dìde. Ó ní, “Ti àwọn yòókù ńkọ́?”