Adugbo Onise Ona

Iṣẹ́ ọ̀nà ni àbúrò mi ṣe jẹun. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi da ọ̀dà sójú títì, láti ìgbà tí wọ́n ń sè é nínú àgbá lórí iná igi títí di ìgbà tí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ bá rò pé mò ń bù mọ́ ọn, ẹ lọ wo ọwọ́ rẹ̀. Èékánná mẹ́ta níbẹ̀ ti dúdú kọjá ohun tí kànìnkànìn lè mú lọ. Baba Ọlọ́dà ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, ó sì máa ń jẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Aránṣọ ni mí, mi ò sì fẹ́ràn ariwo. Ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́, ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni wọ́n sì bí. Ọmọ náà mọ̀wé. Ilé ló máa ń yà sórí bébà fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé, ní ìlú ńlá tó jìnnà sí wa tó ìrìn ọkọ̀ wákàtí mẹ́fà. Ọmọ dáadáa ni, mi ò ní torí ìtàn bà á lórúkọ jẹ́. Kò sí ọjọ́ Àìkú tí kì í pe bàbá rẹ̀.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀. Lọ́jọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí, tí èmi náà bá wọn lọ, ó mú bàbá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ rẹ̀, ó ní bàbá òun nìyí, òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n. Irọ́ kọ́. Ìjọba ló kúkú gbà á síṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí à ń padà bọ̀ nínú ọkọ̀, àbúrò mi ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò, kò sì yọ wọ́n títí a fi délé. Ìgbà tí a délé ló wá bi mí bóyá ọ̀dà ló ń ti ọmọ òun lójú. Mo ní kó lọ sùn. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá báyìí, kò sì tún dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ọmọ ní kó wá fi ọ̀sẹ̀ kan najú ní ìlú ńlá, kí èmi náà bá a wá. Ilé tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé kò gba àlejò, nítorí náà òun yóò gba yàrá fún wa níbi tó bá wù wá. Fóònù àbúrò mi kò ju kí a fi pe èèyàn lọ, èéfín ọ̀dà sì ti ba ojú òun fúnra rẹ̀ jẹ́, kò lè kàwé dáadáa mọ́. Fóònù tèmi ni ọmọ kọ̀wé sí. Mo wọ awò ojú mi, mo kà á sókè.

Ibi mẹ́ta ló ní kí a ti mú ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ni etí omi. Èkejì ni ẹ̀gbẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀, kó lè máa yà wò wá lọ́sàn-án. Ẹ̀kẹta ni adugbo awon onise ona. Ó ní ibẹ̀ ló wu òun jù fún bàbá òun, torí pé àwọn ará ibẹ̀ mọ iyì ohun tí a bá fi ọwọ́ ṣe.

Ẹ wo bí mo ṣe kọ ọ́ yẹn. Bó ṣe wà nínú fóònù nìyẹn, kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Ta ló ń wá àmì kiri nínú fóònù? Ọ̀nà ló bọ́ wa nílé wa, ọ̀nà ló rán ọmọ yẹn níwèé, ọ̀rọ̀ tó sì sún mọ́ ẹnu mi ni mo pè. Mo kà á pé àdúgbò àwọn oníṣẹ́ ọ̀nà. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Àbúrò mi ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó dìde, ó lọ dúró lójú fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

“Ọmọ yìí ò tijú mi mọ́,” ó ní.

Etí omi ló wu èmi, mo sì ti múra tán láti jà sí i. Mo fèsì sí ọmọ pé ẹ̀kẹta ni a mú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ ká tó lọ. Ilé ta ni kò dé? Ó ní àwọn oníṣẹ́ ọ̀nà ní àdúgbò tiwọn ní ìlú ńlá, ọmọ òun ló sì ní ibẹ̀ ló yẹ òun. Ó ní kí n rán ṣòkòtò tuntun fún òun. Àwọn ìgbà kan wà tí mo máa ń gbọ́ tó ń dá rẹ́rìn-ín nínú yàrá.

Takisí já wa sílẹ̀ lórí títì ńlá, torí pé mọ́tò kì í wọ òpópónà náà. Àbúrò mi fa afẹ́fẹ́ símú, ó ní òun ti ń gbóòórùn ọ̀dà. Ọ̀dà ni lóòótọ́. Ọkùnrin kan wà lórí àkàbà, ó ń fi ọ̀dà pupa kun àgbébọ̀ adìyẹ kan tó ga tó ilé alájà méjì sára ògiri. Níwájú ilé kejì, wọ́n fi irin tó dípẹtà ṣe èèyàn tí kò lórí. Ọmọbìnrin kan jókòó síbẹ̀, ó ń ya àwòrán àga tí ẹnikẹ́ni ò jókòó lé. Ọnà! Ọnà ni ọmọ yẹn kọ.

Kò tíì yé àbúrò mi, torí ilẹ̀ lòun ń wò. Kòtò lórí kòtò ni ojú òpópónà náà. Ó ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn, aránṣọ náà kì í ráyè tún tirẹ̀ rán, ó sì wo ìṣẹ́tí aṣọ mi tó ti tú. Mo fi ọwọ́ bò ó.

Amọ̀kòkò ni obìnrin tó ni ilé tí ọmọ ti gba yàrá fún wa, amọ̀ dé ìgúnpá rẹ̀ méjèèjì. Ó kí wa dáadáa, ó mú wa lọ sí yàrá òkè. Àbúrò mi bi í pé níbo làwọn oníṣẹ́ ọ̀nà tó kù máa ń kóra jọ sí, kí òun lè lọ kí wọn.

“Oníṣẹ́ ọnà ni, bàbá,” obìnrin náà ní. Ó rò pé ahọ́n ló yọ̀ ọ́. “Gbogbo wa pátá níbí ni. Ayàwòrán, agbẹ́gilére, àti èmi amọ̀kòkò.”

Àbúrò mi yíjú sí fèrèsé. Ìgbà yẹn ló tó rí adìyẹ. Obìnrin náà jáde, àbúrò mi jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó dùn mí wọra. Mo ní èmi ni mo ṣì í kà, kó má bínú.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí mo fẹ́ gbọ́ lẹ kà,” ó ní.

Aago márùn-ún ni ọmọ dé, ó wọ ṣòkòtò funfun, ó dọ̀bálẹ̀ kí wa. Amọ̀kòkò gòkè wá láti béèrè bóyá yàrá tẹ́ wa lọ́rùn. Ọmọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó na ọwọ́ sí bàbá rẹ̀, ó ní, “Bàbá mi nìyí o, òṣìṣẹ́...”

“Oníṣẹ́ ọ̀nà ni mí,” àbúrò mi ní. Ó rọra pè é, kí wọ́n má bàa ṣì í gbọ́. “Ọ̀nà tí à ń tọ̀. Ọ̀dà ni mo fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n dà.”

Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé orúnkún, níbi tí gbogbo wa ti lè rí wọn. Obìnrin náà wò wọ́n. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kí bàbá bá òun wò ó, kí ló dé tí omi ò fi kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn òun bí òjò bá rọ̀? Èèyàn mẹ́ta ló ti tún un ṣe. Àbúrò mi wọ bàtà rẹ̀, ó bá a sọ̀ kalẹ̀.

Ọmọ bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Èmi kì í ṣe ẹni tí ń fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un látòkèdélẹ̀, mo sì gbé fóònù lé e lọ́wọ́. Ó wá ohun tó kọ jáde. Ètè rẹ̀ ń mì. Ó kà á bó ṣe ní i lọ́kàn, lẹ́yìn náà ó kà á bí èmi ṣe kà á. Nísàlẹ̀, bàbá rẹ̀ ti kúnlẹ̀ létí kòtò kan pẹ̀lú ṣòkòtò tuntun, ó ń fi ìka ṣàlàyé ibi tí omi yẹ kó gbà.

“Ṣé inú wọn dùn sí i?” ọmọ bi mí.

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko,” mo ní.

Ó dá fóònù mi padà fún mi, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn.